Ààrò Màmá Wa ní Zagt

Òkúdu 2

Ganzorig pè mí láàárọ̀ yìí láti olú-ìlú. Ó kọ́kọ́ bèèrè bí ẹran ọ̀sìn ṣe ń ṣe, ó bèèrè bóyá òjò ti rọ̀, ó wá bèèrè orúnkún mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú ń bọ̀, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí kì í bèèrè orúnkún ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé bàbá òun lọ sílé. Ẹ̀dọ̀ ni. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni bàbá òun ń bèèrè báyìí: kí wọ́n gbé e wá sí àfonífojì Zagt nínú aginjù, síbi tí wọ́n bí i sí, tí wọ́n sin ìwọ́ rẹ̀ sí, kó lè yí gbiri lórí ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta bí a ti máa ń ṣe.

"Àǹtí Handaa, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ibẹ̀ báyìí. Ṣé ẹ lè mú wa débẹ̀?"

Mo ní, "Ṣé èmi lò ń bi bẹ́ẹ̀? Ṣé èèyàn máa ń gbàgbé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni?"

Bí mo ṣe dáhùn nìyẹn. Ẹnu mi yìí! Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń wo ìdí sítóòfù mi. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni sítóòfù irin náà ní. Mẹ́ta dúró lórí òkúta, ìkẹrin dúró lórí bíríkì. Òkúta mẹ́ta yẹn ni ààrò màmá wa. Àwọn nìkan ni àmì tó wà ní Zagt, èmi ni mo sì jí wọn gbé.

Òkúdu 3

Kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọdún tí màmá kú ni, ọdún náà gan-an tí ìjọba pín ẹran ọ̀sìn ẹgbẹ́ alájọni fún aráàlú. Mo gun ràkúnmí lọ sí Zagt. Mo bá òkúta mẹ́ta náà níbi tí màmá tò wọ́n sí nígbà tó bí Ẹ̀gbọ́n Luvsan. Mo dì wọ́n sẹ́yìn ràkúnmí, mo gbé wọn wálé. A kì í kó òkúta ààrò kúrò níbi tí a ti bímọ, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ààrò òbí, ọmọkùnrin ló ni ín, mo mọ ìyẹn náà. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni ọmọkùnrin tí màmá bí, ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti wà ní olú-ìlú, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mànàmáná. Mo sọ fún ara mi pé kò ní padà wá mọ́. Mo fẹ́ kí iná màmá máa jó nílé mi.

Ọdọọdún ló máa ń pè mí ní Ọdún Oṣù Funfun, ọdún tuntun tiwa. Bí a bá ti kí ara wa tán, á ní, "Handaa, àwọn òkúta màmá ńkọ́?" Èmi á ní, "Wọ́n wà níbẹ̀." Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti fi mọ́kànlá lé e.

Òkúdu 8

Mo bá ọkọ̀ tó ń kó èédú lọ sí Zagt. Mo rò pé bí mo bá débẹ̀, ojú mi á rántí. Mo rìn láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Àgbàrá tó ya lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ti gbọ́n gbogbo àfonífojì náà bí ẹni gbọ́n ẹní. Odò gbígbẹ tó wà lápá òsì nígbà náà ti wà lápá ọ̀tún báyìí. Igi aginjù tí mo fi ń dá ibẹ̀ mọ̀ ti di igi ìdáná ẹlòmíràn. Mo dúró níbì kan, mo ní ibí ni. Mo rin ogún ìṣísẹ̀, mo tún ní ibí ni. Mo sunkún. Awakọ̀ èédú bi mí bóyá ẹran mi ló sọnù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Òkúdu 11

Ẹnì kan ṣì kù. Ìyá Tsend ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹ̀gbẹ́ àgọ́ màmá ni àgọ́ tirẹ̀ wà lọ́dún náà, òun ló gbẹ̀bí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní òun àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ti da ẹran kọjá òkè yanrìn, pé koríko díẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn. Fóònù kò dé ọ̀hún.

Mo ti rí ọ̀nà kan. A kò ní lọ sí Zagt tààrà. Màá ní kí n fi ilẹ̀ wa han àwọn àlejò mi, kí wọ́n rí òkè yanrìn, kí wọ́n rí òkè pupa, kí a yà kí Ìyá Tsend. Á sọ ibi náà fún mi létí. Màá jí lọ dá àwọn òkúta padà sáyè wọn, ẹ̀gbọ́n mi á sì bá wọn níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ti kó wọn sínú àpò onírun, mo tì wọ́n sábẹ́ ìjókòó bọ́ọ̀sì aláwọ̀ eérú tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi. Bíríkì mẹ́rin ló wà lábẹ́ sítóòfù báyìí.

Òkúdu 13

Epo ọkọ̀ ti tún gbówó lórí, ìyẹ̀fun náà kò gbẹ́yìn. Mo ra méjèèjì, mo sì bú ẹni tó ń tà wọ́n. Ó bú mi padà dáadáa. Kò sí òjò.

Òkúdu 14

Wọ́n dé lọ́sàn-án. Ganzorig ló wa jíìpù, Uyanga ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Dendev sì wà lẹ́yìn, ó gbé orí ẹ̀gbọ́n mi sórí itan. Dendev àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín ni, wọ́n sì jọ darúgbó sílé iṣẹ́ mànàmáná. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

"Handaa! O ṣì wà láyé! Mo ti rò pé iyọ̀ tó ò ń dà sínú tíì ti pa ẹ́."

"Iyọ̀ kì í pa ọmọlúàbí. Ìwọ ni kó o máa ṣọ́ra."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ǹ bá má dá a mọ̀ ká ní kò rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ ti pọ́n bí àtùpà, apá rẹ̀ kò sì wúwo ju awọ àgùntàn tí wọ́n sá sóòrùn lọ. A pààrọ̀ ìgò aáṣáà, bí a ṣe ń kí ara wa níhìn-ín. Mo se ẹran, mo fi ìyẹ̀fun pípò wé e, mo dín in. Ó jẹ ẹyọ kan, ó fi ìyókù pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí kí n má baà rí i. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, mo mọ ibi tí wọ́n ń pa oúnjẹ mọ́ sí.

Kẹ́tù tó wà lórí sítóòfù dagun sápá kan. Dendev ló kọ́kọ́ rí i.

"Sítóòfù yìí ń tiro. Ṣé ó mutí ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ orí ba, ó wo ìdí rẹ̀. "Bíríkì lo fi gbé e?"

"Bíríkì ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ní, "Bíríkì náà á ṣe é." Ó pa ojú dé.

Òkúdu 15

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí a lọ sí Zagt lọ́la. Mo ṣí kàlẹ́ńdà, mo fi ìka sórí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní ọjọ́ náà kò dára fún ìrìn-àjò. Òótọ́ ni pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n láyé mi, mi ò wo kàlẹ́ńdà kí n tó rìn rí. Mo ní ká kọ́kọ́ lọ kí Ìyá Tsend, pé arúgbó náà á bínú bó bá gbọ́ pé ọmọ tí òun gbẹ̀bí wá sílé tí kò yà sọ́dọ̀ òun.

Ganzorig ní, "Àǹtí, ọjọ́ mélòó nìyẹn máa gbà?"

"Kò ní pẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ jẹ́ kó rí bó ṣe fẹ́. Òun ló gbà wá lálejò."

Òkúdu 17

A ṣí. Mo wọ́n wàrà sẹ́yìn ọkọ̀ méjèèjì kí ọ̀nà lè dára. Dendev ń wa bọ́ọ̀sì mi, mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní bọ́ọ̀sì ni òun fẹ́, nítorí òun á ráyè nà gbalaja. Uyanga fẹ́ bá mi sún ẹrù, ó fa àpò onírun náà, kò mì.

"Àǹtí, kí ló wúwo tó báyìí?"

"Ìkòkò ni. Fi í sílẹ̀."

Kí n tó mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí wọ́n fa àpò náà síbi orí òun, kí wọ́n ká aṣọ lé e. Bó ṣe fi ààrò rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí nìyẹn, èmi sì jókòó tì í, mo ń pín wàrà gbígbẹ.

Ọmọ dáadáa ni Uyanga, ṣùgbọ́n ilé alájà mẹ́sàn-án ni wọ́n ti tọ́ ọ. Nígbà tí a dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, ó ní, "A máa tó dé, àbí? Aago mélòó la máa dé?" Dendev bọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, ó ní, "Ìyàwó, ọ̀rọ̀ tó o sọ yẹn, táyà kan á gbé e." Nínú aginjù a kì í bèèrè ìgbà tí a ó dé. Táyà jíìpù bẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Uyanga sunkún, a rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú.

Òkúdu 18

Òkè yanrìn. Ganzorig àti ìyàwó rẹ̀ gun ún dé orí, wọ́n sáré sọ̀ bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, ó sì bì lẹ́ẹ̀mejì sínú abọ́ tí mo gbé dání. Èmi ni mo mú un wá wo yanrìn. Bí a bá ti gba ọ̀nà tààrà ni, à bá ti dé Zagt lánàá.

Òkúdu 19

Ìjì. A kò lè kúrò lójú kan. Yanrìn wà nínú tíì, ó wà nínú eyín, ó wà nínú oògùn rẹ̀.

Òkúdu 20

A dé kànga tí wọ́n júwe fún wa. A kò bá àgọ́ kankan níbẹ̀, àmì roboto tí koríko ti kú síbi tí àgọ́ wà la bá, àti ìgbẹ́ ẹran tó ti gbẹ. Ọkùnrin kan tó ń fa omi fún ràkúnmí ní kò tíì pé ọjọ́ mẹ́rin tí Ìyá Tsend lọ sí àríwá, koríko tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá kò tó ẹran jẹ.

Ganzorig pè mí sẹ́yìn jíìpù. "Àǹtí, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń kú lọ lójú wa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Zagt jàre. Ẹ kúkú mọ ibẹ̀."

Mo ní ìyá náà ti gbọ́ pé a ń bọ̀. Irọ́ tún nìyẹn. Ó wò mí, ó gbá ilẹ̀kùn jíìpù dé. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbè mí lẹ́yìn, láti inú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ohùn tí kò tó nǹkan mọ́: "Ganzorig, má pariwo mọ́ àǹtí rẹ."

Mo kórìíra ara mi.

Òkúdu 22

A rí Ìyá Tsend. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́, èkejì mú ju ti ẹyẹ lọ. Ó di orí ẹ̀gbọ́n mi mú, ó gbóòórùn rẹ̀ bí a ti ń gbóòórùn ọmọ, ó ní, "O tóbi lórí nígbà tí mo gbà ọ́. O fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá rẹ." Ó fún un ní wàrà ràkúnmí tó kan. Ó mu ún tán. Láti ọjọ́ tó ti dé, kò tíì mu nǹkan kan tán.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sùn, mo tẹ̀ lé ìyá náà lọ síbi tó ti ń fún wàrà lára ràkúnmí.

"Ìyá, ẹ ṣáà rántí Zagt?"

"Mo rántí afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ó gbé fìlà ọkọ mi lọ. Ọkọ mi gan-an kọ̀, kò bá a lọ."

"Ibo gan-an ni àgọ́ màmá wa wà?"

"Ìwọ lò ń bi mí? Níbi tí òkúta ààrò rẹ̀ wà ni."

"Ká ní kò sí òkúta níbẹ̀ mọ́ ńkọ́?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lọ́mú ràkúnmí. "Handaa, ta ló kó òkúta kúrò níbi tí wọ́n sin ìwọ́ ọmọ sí?"

Mo bá a gbá igbá wàrà mú. Kò bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó yá, ó ní, "Àgbàrá ti kó ibẹ̀ dà nù. Bí ẹ bá gbé èmi alára débẹ̀, òkúta yẹn ni ǹ bá wá. Láìsí i, ilẹ̀ lásán ni gbogbo rẹ̀."

"Ìyá, ẹ gbà mí."

"Ọwọ́ mi kọ́ ló wà. Sọ fún un kó tó pẹ́." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún wàrà.

Òkúdu 23

A forí lé Zagt. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo la ẹnu láti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Lákọ̀ọ́kọ́, Dendev bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Lẹ́ẹ̀kejì, ìrora mú un. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ohun tó dí mi lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò mí. Mo bi í bóyá ó fẹ́ omi.

Ó ní, "Rárá. Omi kọ́ ni mo fẹ́."

Uyanga kò bèèrè ìgbà tí a ó dé mọ́. Nígbà tí a jẹun tán, ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé bí a kò bá tilẹ̀ rí ojú ibẹ̀ gan-an, ṣebí gbogbo àfonífojì náà ni ilẹ̀ ìbí Bàbá. Etí Dendev gbọ́ ọ. "Ìyàwó, àgọ́ kan ni wọ́n bí i sí. Wọn kì í bímọ káàkiri bí ẹni ń fúnrúgbìn."

Òkúdu 24

Mo jí ní ìdájí. A ti dó sí ẹnu àfonífojì lánàá. Mo rọra fa àpò kúrò lábẹ́ orí rẹ̀, mo fi ẹ̀wù mi rọ́pò rẹ̀. Kò mira. Mo gbé òkúta náà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan lọ sábẹ́ òkè kékeré kan tó dà bí ẹni pé ó jọ èyí tí mo mọ̀. Mo tò wọ́n, mo dojú ibi tó dúdú sínú, mo wa yanrìn sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bu eérú iná àná sí àárín. Orúnkún mi ń ké. Mo jọ ẹni tó ń sin nǹkan, ìgbà tí mo parí rẹ̀ ni mo rántí pé wọ́n sin nǹkan níbì kan ní àfonífojì yìí lóòótọ́, àti pé èmi ni mo sọ ọ́ nù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kígbe pé mo ti rí i. Ganzorig sáré. Ó rí òkúta mẹ́ta, ó kúnlẹ̀, ó di mọ́ mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ forí jì mí, mo bínú sí yín." Uyanga so ìborùn aláwọ̀ ojú ọ̀run tí a fi ń bọlá fún ilẹ̀ mọ́ igi tó wà nítòsí. Dendev bọ́ fìlà. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi wá lórí awọ, wọ́n gbé e kalẹ̀ ní àárín.

Ó wo òkúta náà. Ó fi ọwọ́ kan ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ fi èmi àti àbúrò mi sílẹ̀ díẹ̀."

Wọ́n lọ. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

"Handaa, àpò tí mò ń fi ṣe ìrọ̀rí dà?"

Mo ń gbọn eérú kúrò lọ́wọ́ mi.

"Èyí tó ní ibi yíya yìí, èmi ni mo fi òòlù lù ú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Màmá gbá mi létí títí etí mi fi hó. Lọ́jọ́ kejì tí a bọ́ sọ́nà ni mo ki ọwọ́ bọ àpò, ibi yíya yẹn ni ọwọ́ mi bà. Ìkòkò kì í rí báyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n..."

"Mò ń dúró dè ẹ́ kó o sọ. Gbogbo ọ̀nà yìí. Yanrìn, ìjì, kànga, mò ń sọ fún ara mi pé lọ́la lo máa sọ."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ wàyí. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ẹkún, láìtò ó, ọdún tí màmá kú, ràkúnmí, sítóòfù, Oṣù Funfun. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ibo wá ni ibẹ̀ gan-an?"

"Mi ò mọ̀ mọ́."

Ó wo àfonífojì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omi jáde lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ṣé àwọn òkúta náà mú ilé rẹ móoru?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ká ní o bèèrè lọ́wọ́ mi ni. Ǹ bá ti fún ẹ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, mo lágbára. Ǹ bá wá fúnra mi, ǹ bá ri igi mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí n lè máa rí i. Ohun tí ì bá ti gbà kò ju kó o bèèrè lọ."

Mo dojú bolẹ̀ níbẹ̀. Mo ní kó bú mi. Kò bú mi. Ì bá sàn ká ní ó bú mi.

"Pè wọ́n wá," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n, ibí kọ́ ni."

"Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá. Pè wọ́n wá, kó o sì nu ojú rẹ."

Mo pè wọ́n. Ganzorig di èjìká rẹ̀ mú, èmi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, a sì yí ẹ̀gbọ́n mi gbiri lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Uyanga ń ya fọ́tò, ó ń sunkún ayọ̀. Dendev ké pé, "Ọ̀gá, o ti di ọmọ tuntun!" Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀, yanrìn wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Òkúdu 26

A ti padà dé ilé mi. Kò lè dé olú-ìlú mọ́.

Òkúdu 29

Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ lónìí. Ó bèèrè òjò. Mo ní kò sí. Ó fi ojú wá ìdí sítóòfù, ó ní sítóòfù náà ṣì ń tiro. Mo kúnlẹ̀, mo ká páálí sábẹ́ bíríkì kan títí kẹ́tù fi dúró gún. Mo bojú wẹ̀yìn láti bi í bóyá ó ti tọ́. Ó ti sùn. Láti Zagt, kò tíì pe orúkọ mi.

Agẹmọ 3

Ẹ̀gbọ́n mi Luvsan kú láàárọ̀ yìí kí tíì tó hó. Kò pe orúkọ mi.

Agẹmọ 7

Wọ́n ti lọ. Kí Ganzorig tó wọ jíìpù, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, ó ní òun kò mọ bí òun ṣe lè dúpẹ́, pé ọkàn bàbá òun balẹ̀ kó tó lọ, èmi ni mo sì fún un ní ìyẹn. Ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó àwọn òkúta náà kúrò níbẹ̀ láé. Uyanga ti lóyún oṣù mẹ́ta. Ó ní bí ọmọ náà bá dàgbà, òun á mú un wá wo ibi tí wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀ sí.

Dendev kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́, ó wọlé sọ́kọ̀. Mi ò mọ ohun tó mọ̀.

Mo wọ́n wàrà sẹ́yìn wọn títí igbá fi gbẹ.

Agẹmọ 19

Òjò rọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ó lé lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n mi. Àlùbọ́sà aginjù ti hù yíká ìlú. Òórùn rẹ̀ dùn, mo sì bínú sí i.

Ògún 4

Wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bíríkì mẹ́rin kì í dà á nù náà. Mo ti ń wò ó láti oṣù kan báyìí: iná ń jó bó ṣe ń jó tẹ́lẹ̀, omi ń hó ní àkókò tó máa ń hó, ilé ń móoru. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi rò pé iná màmá ni.

Èrèlé, ọjọ́ kìíní Oṣù Funfun

Òtútù pọ̀. Ganzorig pè mí kí n tó jẹun. Wọ́n ti bímọ, ọkùnrin ni, Luvsan ni wọ́n sọ ọ́. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ lẹ́yìn. A kí ara wa kú ọdún. Ó bèèrè ẹran, ó bèèrè orúnkún mi. Ó wá ní, "Àǹtí, àwọn òkúta màmá àgbà ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n wà níbẹ̀."

Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ da tíì sínú ife.